Àdàlù, Àbùlà àti Àkójọpọ̀: Ìtúmọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ohun Ọ̀kan-ò-jọ̀kan sí Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó ń tọ́ka sí ohun tí a pò pọ̀ tàbí tí a kó jọ láti ibi púpọ̀. Nínú iṣẹ́ ògbufọ̀, ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn àdàlù tàbí àkójọpọ̀, dípò gbogbo wọn. Iṣẹ́ yìí tọpa orísun díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ó fi hàn pé inú ọ̀rọ̀-orúkọ ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìyìn tàbí ẹ̀gàn sí, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀-ìṣe àti inú ọ̀rọ̀ alápètúnpè ni Yorùbá sábà máa ń fi tirẹ̀ sí. Ó dá àbá pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ògbufọ̀ bi ara rẹ̀ kí ó tó yan ọ̀rọ̀.

Ìfáárà

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ inú èdè mu púpọ̀. Bí ọ̀rọ̀ méjì tilẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì, ààlà wà láàrin wọn, iṣẹ́ olùkọ́ èdè sì ni láti fi ààlà náà han akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí ìṣòro yìí ti ń fojú hàn jù ni ibi tí èdè kan ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ohun tí ó dà bí ẹni pé ohun kan náà ni.

Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ fún àgbéyẹ̀wò ni àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń tọ́ka sí ohun ọ̀kan-ò-jọ̀kan tí ó pàdé ní ojú kan. Lára wọn ni hotchpotch, potpourri, gallimaufry, salmagundi, hash, farrago, medley, miscellany, mishmash, jumble àti anthology. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wo ìwé atúmọ̀-èdè kékeré, yóò rí i pé ìtumọ̀ tí wọ́n fún púpọ̀ nínú wọn kò ju pé ó jẹ́ oríṣiríṣi ohun tí ó wà papọ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ àdàlù sílẹ̀ fún gbogbo wọn, tí ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ kò ì tíì parí. Bí òǹkọ̀wé kan bá fi ìrẹ̀lẹ̀ pe ìwé ara rẹ̀ ní miscellany, tí ògbufọ̀ sì pè é ní rúdurùdu, ògbufọ̀ náà ti bú ẹni ẹlẹ́ni. Bí lámèyítọ́ kan bá pe ọ̀rọ̀ olóṣèlú ní farrago, tí ògbufọ̀ sì pè é ní àkójọpọ̀, ó ti sọ èébú di oríyìn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ìpalára kejì tún wà, òun ni ó sì burú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ ọ̀rọ̀ mọ́kànlá lè bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó. Bí ó bá di olùkọ́, èrò yìí ni yóò gbé wọ kíláàsì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, ohun tí wọ́n ń gbé ru, àti ibi tí Yorùbá ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí.

Ìkòkò Ọbẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Orísun

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti inú ilé ìdáná wá. Hotchpotch ti èdè Faransé àtijọ́ wá, níbi tí hochepot ti jẹ́ orúkọ ọbẹ̀ tí a fi ẹran àti ẹ̀fọ́ sè pọ̀. Hocher ni kí a mi nǹkan jìgìjìgì, pot sì ni ìkòkò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ gbà á lò gẹ́gẹ́ bí hotchpot. Bí baba kan bá ti fún ọmọbìnrin rẹ̀ kan ní ilẹ̀ nígbà ìgbéyàwó, tí baba náà sì kú, ọmọ náà kò ní ìpín nínú ilẹ̀ tí ó kù àfi bí ó bá gbà láti dá tirẹ̀ padà sí àárín, kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n tó wá pín in dọ́gba. Adájọ́ Thomas Littleton, tí ó kú ní ọdún 1481, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ pé oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe àkàwé, nítorí pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í ní èròjà kan ṣoṣo. Ìlànà yìí wà nínú òfin ogún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, kí òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1995 tó fòpin sí i níbi ogún ẹni tí kò ṣe ìwé ìhágún. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú níhìn-ín ni pé, lójú àwọn amòfin, ìdàpọ̀ yìí kì í ṣe ìdàrúdàpọ̀ rárá. Ọ̀nà ìdọ́gba ni. Ẹnu àwọn ará ìlú ni ó ti di hotchpotch àti hodgepodge, tí ó sì wá ń tọ́ka sí ohun tí kò létò.

Potpourri náà ti inú ìkòkò wá. Àwọn ará Sípéènì ní ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní olla podrida. Olla ni ìkòkò, podrida sì túmọ̀ sí ohun tí ó ti jẹrà. Àwọn Faransé túmọ̀ orúkọ yìí ní ẹyọ-ọ̀rọ̀-sí-ẹyọ-ọ̀rọ̀, wọ́n pè é ní pot pourri, Gẹ̀ẹ́sì sì yá a lò ní ọ̀rúndún 17. Oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún 18, ó ti di orúkọ òdòdó gbígbẹ tí a pò mọ́ èròjà olóòórùn dídùn, tí a ń gbé sí inú yàrá kí ó lè máa ta sánsán. Ìkòkò tí orúkọ rẹ̀ ń sọ nípa ìjẹrà wá di ohun tí a fi ń lé òórùn burúkú jáde.

Gallimaufry wá láti inú galimafrée ti èdè Faransé, tí òun náà jẹ́ orúkọ ọbẹ̀ tí a fi oríṣiríṣi ẹran sè. Ọ̀rúndún 16 ni ó wọ Gẹ̀ẹ́sì. Salmagundi ti inú salmigondis wá ní ọ̀rúndún 17. Oúnjẹ tútù ni, tí a fi ẹran gígé, ẹyin, ẹja oníyọ̀ àti àlùbọ́sà ṣe. Ní ọdún 1807 sí 1808, Washington Irving àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé ìwé àtìgbàdégbà kan jáde ní ìlú New York tí wọ́n sọ ní Salmagundi, nítorí pé ẹ̀fẹ̀, àwàdà àti àríwísí ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn ni wọ́n sọ iṣẹ́ wọn bẹ́ẹ̀, wọn kò sì fi bú ara wọn. Hash ní tirẹ̀ wá láti inú hacher, tí ó túmọ̀ sí kí a gé nǹkan wẹ́wẹ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ lónìí pé ẹnìkan sọ iṣẹ́ di hash, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Oko, Ọgbà àti Ilé Ìkẹ́rùsí

Kì í ṣe ilé ìdáná nìkan ni orísun wọn. Ní èdè Látìn, farrago ni oúnjẹ ẹran ọ̀sìn tí a fi oríṣiríṣi ọkà pò pọ̀. Far tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ orúkọ irú ọkà kan. Akéwì Róòmù tí ń jẹ́ Juvenal lo ọ̀rọ̀ yìí fún ohun tí ó kó sínú ìwé ewì ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe, ó ń fi ìwé ara rẹ̀ wé oúnjẹ ẹran. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ibi tí a ti ń rí farrago jù ni ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ irọ́ tàbí ọ̀rọ̀ aláìnírònú tí ẹnìkan kó jọ.

Anthology wá láti inú ọgbà. Anthos ni òdòdó ní èdè Gíríìkì, orúkọ náà lódindi sì túmọ̀ sí jíjá òdòdó jọ. Ní ọ̀rúndún kìíní kí wọ́n tó bí Jésù, akéwì Meleager kó ewì àwọn ẹlòmíràn jọ, ó pe ìwé náà ní òdòdó àfiṣadé, ó sì fi akéwì kọ̀ọ̀kan wé òdòdó tàbí ewéko kan. Ẹni tí ó ń já òdòdó kì í já èyí tí ó ti rọ. Nítorí náà, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ìṣàyàn àti ìyìn ti wà nínú ọ̀rọ̀ anthology.

Magazine wá láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí. Ní ọdún 1731, Edward Cave bẹ̀rẹ̀ sí tẹ The Gentleman's Magazine jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé rẹ̀ yìí ni ó kọ́kọ́ sọ ìwé àtìgbàdégbà ní orúkọ ilé ìkẹ́rùsí, nítorí pé gbogbo onírúurú ọ̀rọ̀ ni a lè bá níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, tí ó di mágásíìnì.

Ìdílé kan náà ni medley àti miscellany. Ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn tí ó túmọ̀ sí kí a pò pọ̀ ni ó bí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n medley gba ọ̀nà èdè Faransé kọjá, ó sì kọ́kọ́ túmọ̀ sí ìjà àjàpọ̀ kí ó tó di orúkọ fún oríṣiríṣi orin tí a so kọ́ra. Miscellany dúró sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, ó sì di orúkọ fún ìwé tí ó ní àròkọ ọ̀kan-ò-jọ̀kan nínú.

Ohun Tí Orísun Fi Hàn àti Ohun Tí Kò Fi Hàn

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kàn sọ pé nǹkan pọ̀, kí ó sì dákẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú tí ó fi ń wo ohun tí ó ń dárúkọ. Anthology ń yìn. Miscellany àti medley kò yìn, wọn kò sì bú. Potpourri sábà máa ń mú inú ẹni dùn díẹ̀. Gallimaufry àti salmagundi ní ẹ̀rín nínú. Hodgepodge, mishmash àti jumble ń fi àìlétò bú ohun tí wọ́n ń sọ. Farrago ni ó le jù, nítorí pé ó máa ń fi ẹ̀sùn irọ́ tàbí àìnírònú kún un.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé orísun kì í ṣe ìtumọ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá gbọ́ pé ìkòkò jíjẹrà ni potpourri, tí ó sì kọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. Bákan náà ni ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀gàn ni hotchpot nínú ìwé òfin, nítorí pé ẹ̀gàn ni hotchpotch lẹ́nu àwọn ará ìlú. Ìlò ni ó ń sọ ìtumọ̀. Orísun kàn ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti rí àwòrán tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni.

Ọ̀nà Tí Yorùbá Ń Gbà Sọ Ọ́

Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ mọ́kànlá ní Yorùbá láti fi ko ọ̀rọ̀-orúkọ mọ́kànlá ti Gẹ̀ẹ́sì lójú yóò sọ̀rètí nù kíákíá. Ibi tí kò yẹ ni ó ti ń wá a. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń ya ohun tí a dà pọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láti ara rẹ̀ ni a sì ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ṣe kókó:

(i) Pò: Ohun tí a bá pò ti di ọ̀kan, a kò sì lè yà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ń po amọ̀, tí a ń po sìmẹ́ńtì.

(ii) Dà lù: Ohun kan ni a dà lé òmíràn. Láti ibẹ̀ ni àdàlù ti wá. Nínú abọ́ àdàlù, ojú ẹ̀wà yàtọ̀ sí ojú àgbàdo, ẹni tí ń jẹ ẹ́ sì mọ àwọn méjèèjì. Oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé ẹnìkan da nǹkan lu epo pupa, ẹ̀sùn ni a fi kàn án.

(iii) Bù là: Láti ibẹ̀ ni àbùlà ti wá. Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, àbùlà ni àmàlà tí a bu gbẹ̀gìrì àti ewédú sí, àwọn ènìyàn sì ń fi ọ̀yàyà bèèrè fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ẹmu ni a pè ní àbùlà, omi ni ẹlẹ́mu bù là á, oníbàárà yóò sì bínú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohun tí a bù là ni ó sọ bóyá ìyìn ni tàbí ẹ̀gàn.

(iv) Kó jọ: Ó ń sọ nípa ohun tí ó fọ́n ká tẹ́lẹ̀ tí ẹnìkan wá mú wá sí ojú kan. Kò sọ pé ó ṣà wọ́n, kò sì sọ pé kò ṣà wọ́n. Nígbà tí J. F. Ọdúnjọ sọ ìwé ewì rẹ̀ ti ọdún 1961 ní Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn, ọ̀rọ̀ náà, aládùn, ni ó gbé ìyìn wá. Àkójọpọ̀ fúnra rẹ̀ kò yìn.

(v) Ṣà jọ àti ṣà yàn: Níhìn-ín ni ojú àti ọgbọ́n ẹni tí ń ṣà á ti wọ inú ọ̀rọ̀. Àṣàyàn ni ohun tí ó yọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ àṣàyàn, ó ń jẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn kan wà tí a kò mú.

(vi) So kọ́ra: Ohun kọ̀ọ̀kan ṣì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí àlàfo wà láàrin wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórin jùjú ṣe máa ń so orin kọ́ra láìdúró ní ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù.

(vii) Gún àti sè: Àgúnmu àti àgbo jẹ́ ohun tí a fi ewé, egbò àti èèpo igi ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe mọ iye tí ó fi sí i àti ìdí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìròyìn sábà máa ń pe àgbo ní concoction. Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì túmọ̀ sí ohun tí a sè pọ̀, ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní a tún ń lò ó fún irọ́ tí ẹnìkan hùmọ̀. Ìfura wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú àgbo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń túmọ̀ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ní láti ṣọ́ra níbẹ̀.

Ibi kejì tí Yorùbá ń fi ojú ìwòye sí ni ọ̀rọ̀ alápètúnpè. Wúruwùru, rúdurùdu, jágbajàgba, játijàti àti pálapàla ni gbogbo wọn ń bẹnu àtẹ́ lu nǹkan. Wúruwùru ń sọ nípa iṣẹ́ tí a ṣe láìlétò. Rúdurùdu ń sọ nípa ohun tí ó ti lọ́jú pọ̀ débi pé a kò rí orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Játijàti ń sọ pé ohun náà kò níláárí. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ohùn wọn. Ohùn òkè ni ó bẹ̀rẹ̀ ìdajì àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì, ohùn àárín ni ó sì parí ìdajì méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń pe ìró ní àpètúnpè bí ó bá fẹ́ sọ nípa ìdàrúdàpọ̀, bí ó ti hàn nínú mishmash àti hodgepodge. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé fáwẹ̀lì tàbí kọ́ńsónáǹtì ni Gẹ̀ẹ́sì ń yí padà, ṣùgbọ́n ohùn ni Yorùbá ń yí padà. Ní òdìkejì, ọ̀kan-ò-jọ̀kan, oríṣiríṣi àti onírúurú kò bú ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn ni ọ̀kan-ò-jọ̀kan jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀kan kò jọ ọ̀kan, ohun tí ó sì sọ náà nìyẹn, kò fi kún un.

Ìbéèrè Mẹ́ta fún Ògbufọ̀

Láti inú àlàyé òkè yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ògbufọ̀ bi ara rẹ̀. Èkíní: ṣé àwọn ohun náà ṣì dá dúró, àbí wọ́n ti di ọ̀kan? Èkejì: ṣé ẹnìkan ni ó fara balẹ̀ ṣà wọ́n, àbí wọ́n kàn bá ara wọn níbẹ̀? Ẹ̀kẹta: ṣé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń yìn ni, àbí ó ń bú, àbí ó kàn ń ròyìn? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ ni yóò yan ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìdáhùn sí ẹ̀kẹta ni yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ alápètúnpè tàbí ọ̀rọ̀ ìyìn yóò tẹ̀ lé e. Àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí fi bí ó ti ń ṣiṣẹ́ hàn:

(1) “The book is a farrago of lies.” Ẹ̀gàn ni, kò sì sí ìṣàyàn níbẹ̀. Irọ́ tí a dà lu irọ́ ni ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

(2) “An anthology of Yoruba poetry.” Ìyìn ni, ẹnìkan sì ṣà wọ́n. Àṣàyàn ewì Yorùbá.

(3) “A medley of Christmas songs.” Ìròyìn ni, orin kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Àwọn orin Kérésìmesì tí a so kọ́ra.

(4) “Their plan is a hodgepodge.” Ẹ̀gàn ni, ó sì dá lórí àìlétò. Wúruwùru ni ètò wọn rí, wọ́n kàn mú èyí mọ́ ìyẹn ni.

(5) “A miscellany of essays.” Ìròyìn ni. Àkójọpọ̀ àròkọ ọ̀kan-ò-jọ̀kan.

(6) Hotchpot nínú ìwé òfin. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀ rárá. Kíkó ohun tí ọmọ kan ti gbà ṣáájú padà sí àárín ogún kí a tó pín in dọ́gba.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wo àpẹẹrẹ (1) àti (4), yóò rí i pé ọ̀rọ̀-orúkọ kan ti Gẹ̀ẹ́sì di odidi gbólóhùn ní Yorùbá. Kì í ṣe àléébù. Olùkọ́ tí ó bá ń yọ máàkì nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ọ̀rọ̀-orúkọ túmọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ń fìyà jẹ ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì.

Àdàlù Èdè: Àyálò àti Àmúlùmálà

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀rọ̀ èdè fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1579, wọ́n tẹ ìwé ewì Edmund Spenser kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, tí ó fi lẹ́tà E. K. dárúkọ ara rẹ̀, bínú sí àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ Faransé, ti Ítálì àti ti Látìn lẹ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń lẹ aṣọ tó ya. Ó ní wọ́n ti sọ èdè náà di gallimaufry àti hodgepodge. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tí ó fi bú wọn yìí, Faransé ni. Ẹni tí ń lé àlejò jáde kúrò nílé kò mọ̀ pé ọ̀pá tí òun mú dání, àlejò ni ó gbé e wá.

Ìtàn yìí lè ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. Nínú ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá, orúkọ méjì ni a ní fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tí ó bọ́ sí ẹnu wa. Bí ó bá ti gba ohùn àti ìró Yorùbá, àyálò ni. Àlàáfíà àti àlùbọ́sà ti inú Lárúbáwá wá, tíṣà àti búrẹ́dì ti inú Gẹ̀ẹ́sì wá, kò sì sí àgbàlagbà tí yóò sọ pé wọn kì í ṣe Yorùbá. Bí ènìyàn bá sì ń fo láti Yorùbá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láàrin gbólóhùn kan, àmúlùmálà ni à ń pè é, ìbáwí sì wà nínú orúkọ náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àṣàyàn àti wúruwùru ni ó wà láàrin wọn. Ohun tí a yá lò, a mọ̀ pé a yá a, a sì ń lò ó. Olùkọ́ tí ó bá pe àyálò ní àmúlùmálà yóò máa fi gègé pupa fa ọ̀rọ̀ tí kò ṣẹ̀. Èyí tí ó bá pe àmúlùmálà ní àyálò yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́. Ọmọ tí ó wà níwájú wọn ni yóò jìyà àṣìpè méjèèjì.

Àbá fún Kíkọ́ni

Iṣẹ́ kíláàsì lórí ọ̀rọ̀ yìí kò le. Olùkọ́ lè kọ ọ̀rọ̀-ìṣe méje tí a yẹ̀ wò sí ojú pátákó, kí ó sì ní kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá ohun mẹ́ta nínú ilé, ní oko tàbí ní ọjà tí a lè lo ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan fún. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ti Yorùbá bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ní ohun tí yóò ṣà nínú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Bí a bá ti Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá sọ sí i lọ́kàn ni yóò kọ. Nínú ìdánwò, ó yẹ kí a fi máàkì sílẹ̀ fún àlàyé ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi yan ọ̀rọ̀ kan tí ó sì fi òmíràn sílẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó lóye.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun ọ̀kan-ò-jọ̀kan wá láti inú ìkòkò, inú oko, inú ọgbà àti inú ilé ìkẹ́rùsí, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyìn, ẹ̀rín tàbí ẹ̀gàn tí ó ń gbé ru. Yorùbá kò ṣe aláìní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sí ara bí a ṣe pò ó, bí a ṣe dà á, bí a ṣe bù ú là, bí a ṣe kó o jọ tàbí bí a ṣe ṣà á, ó sì fi ohùn ọ̀rọ̀ alápètúnpè sọ ìdájọ́ rẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan yóò máa sọ pé kò sí. Èyí tí ó bá bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n ṣe sí ohun náà, àti ta ni ó ṣe é, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀ ju èyí tí ó nílò lọ.